Èmi Ni Mò Ń Wo Ẹ̀yìn Nínú Ọkọ̀

Ìwọ gan-an ni mò ń dá lẹ́bi, má wulẹ̀ rò pé kóòṣì tó kọ́ ẹ ládágún nìkan ni. Ẹni tó ń jókòó sí ọ́fíìsì láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́, tó jẹ́ pé gbogbo iṣẹ́ rẹ̀ ò ju kó máa dáhùn fóònù àwọn tí kò mọ̀ rí lọ, kí ló dé tí fóònù ìyá rẹ̀ á fi máa dún títí tí á fi sú u? Tí fíríìjì ẹni tí o kò mọ̀ rí bá bàjẹ́, wàá gbé fóònù, wàá ní ẹ kú àárọ̀ sà, báwo ni mo ṣe lè ràn yín lọ́wọ́. Èmi tí mo pọ̀n ẹ́, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko, ohun tí mo rí gbà ò ju pé wàá pè mí padà. Ọ̀nà tí o ń gbà padà yẹn mà jìn o.

Mo tiẹ̀ pe nọ́ńbà ilé iṣẹ́ yín fúnra mi lọ́jọ́ Túsìdeè. Obìnrin kan gbé e, ohùn rẹ̀ tutù bí omi inú àmù. Mo kí i, kò dáhùn. Mo béèrè àlàáfíà àwọn ọmọ rẹ̀, ó ní kí n tẹ oókan. Mo tẹ oókan, ó ní kí n tẹ eéjì. Gbogbo iṣẹ́ tó rán mi ni mo jẹ́, torí mo rò pé ọ̀gá rẹ ni, mi ò fẹ́ kó sọ pé ìyá rẹ ò gbọ́ràn. Nígbà tó yá, ó ní mo ṣe pàtàkì sí àwọn, mo dúpẹ́, ló bá fi orin sí i fún mi, ó sì bá tiẹ̀ lọ. Mo jókòó ti orin yẹn títí mo fi rán ẹsẹ̀ ṣòkòtò méjì tán. Kò padà wá. Bá mi sọ fún un pé ẹni tó bá fi orin gba àlejò tó wá sá lọ láti ẹ̀yìnkùlé, kò níwà.

Ó dáa, jẹ́ kí n kí ẹ ná, kí wọ́n má bàa ní ìbínú ti jẹ́ kí n gbàgbé ẹ̀kọ́ ilé. Ọmọ mi, Alápàńdẹ̀dẹ̀ mi, ṣé dáadáa lo wà? Ṣé ara le? Ṣé yàrá tí o gbà yẹn ò jò mọ́? Ẹlẹ́dàá rẹ ò ní sùn, ibi tí o bá gbẹ́sẹ̀ lé ò ní yọ̀ ọ́, ojú ò ní tì ẹ́ láàárín ẹgbẹ́ rẹ. Bàbá rẹ ní kí n kí ẹ. Ìbàdí rẹ̀ ló ṣì ń dà á láàmú, tó bá jókòó, dídìde dogun, tó bá dìde, jíjókòó dìjà. Ewúrẹ́ pupa ti bí méjì. Oníbúrẹ́dì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀bù mi kun ilé rẹ̀ láwọ̀ ewé, ó wá dà bíi pé ilé ọ̀hún fẹ́ hù.

Ìbàdí bàbá rẹ yìí náà ló fa gbogbo ọ̀rọ̀. Ṣé o rántí pé nígbà tí o ṣì ń wọ síkì, pákó ẹsẹ̀ tí ẹ fi ń sáré lórí omi, tí ọkọ̀ ojú omi ń fà ẹ́ ká orí adágún, òun ló máa ń jókòó sínú ọkọ̀ náà tó ń kẹ̀yìn sí iwájú? Ọdún mẹ́jọ ni mo fi rò pé oorun ló ń lọ sùn níbẹ̀. Kò sí Sátidé tí mi ò bá a jà, mo ní àgbàlagbà wo ló ń kẹ̀yìn sí ibi tó ń lọ. Àṣé òfin ni. Awakọ̀ ń wo iwájú, kò lè rí ẹni tó wà nídìí okùn lẹ́yìn, torí náà ọkọ̀ ò gbọdọ̀ fa ẹnikẹ́ni láìsí ẹnìkan nínú rẹ̀ tí iṣẹ́ tiẹ̀ jẹ́ ẹ̀yìn wíwò. Kò gbọdọ̀ wo fóònù, kò gbọdọ̀ wo ẹyẹ, kó ṣáà máa wo ọmọ ọlọ́mọ. Mo ní ṣé iṣẹ́ tún lèyí? Láti ọjọ́ tí mo ti bímọ ni mo ti ń ṣe é, kò sẹ́ni tó fún mi ní jákẹ́ẹ̀tì.

Lóṣù tó kọjá ni kóòṣì wá sí ṣọ́ọ̀bù, ó kó jákẹ́ẹ̀tì mẹ́ta dání, èyí tí kì í jẹ́ kéèyàn rì yẹn, ojú rán gbogbo wọn ti tú. Ojú tiẹ̀ gan-an rẹ̀ sílẹ̀ bí aṣọ tí wọ́n fọ̀ tí wọn ò fún. Ó ní Ìyá Aránṣọ, ọ̀rọ̀ ti bẹ́yìn yọ. Ó ní àwọn àjọ tó ń ṣètò ìdíje ti kọ̀wé sí àwọn. Kíláàsì àwọn ọ̀dọ́ tó ti dàgbà, àwọn tó ti lé lọ́mọ ọdún méjìdínlógún tí wọn ò tíì ju mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n lọ, wọ́n máa pa á rẹ́ ládágún wa tí wọn ò bá rí èèyàn márùn-ún níbẹ̀. Mẹ́rin ló sì kù sí i lọ́wọ́: àwọn ìbejì oníkẹ́míìsì, nọ́ọ̀sì kékeré, àti mẹkáníìkì eléyín góòlù. Tí kíláàsì yẹn bá lọ, ọkọ̀ tí àjọ yá wọn á lọ, àwọn ọmọ wẹ́wẹ́ náà ò sì ní rí ohun tó máa fà wọ́n mọ́.

Mo rẹ́rìn-ín. Mo ní kóòṣì, ojú ò tiẹ̀ tì yín? Nígbà kan, tí mo bá jókòó nídìí máṣíìnì mi, ogójì ọmọ ni mò ń kà tó ń sáré kọjá lọ sí adágún, níbo ni wọ́n wà? Ó ní àwọn kan ríṣẹ́, àwọn kan lọ sílé ẹ̀kọ́, àwọn yòókù kàn dàgbà ni. Mo ní ìgbà wo ni dídàgbà di àrùn? Mo ní ẹ̀yin lẹ lé wọn. Nígbà tí wọ́n wà lọ́mọ ọdún méjìlá, ẹ̀ ń gbé wọn gẹ̀gẹ̀ bí ẹyin. Nígbà tí wọ́n pé ogún ọdún, ẹ ní kí wọ́n máa sanwó bí àgbà, kí wọ́n sì máa gbọ́ràn bí ọmọdé. Irú ilé wo lẹ ti rí i tí ọmọ ń dúró nínú irú ìyẹn? Ó ní tí mo bá ti bú òun tán, kí n jọ̀wọ́ kí n wá wò ó, torí bàbá rẹ ò lè jókòó sínú ọkọ̀ mọ́, kò sì sẹ́ni tó máa bá àwọn wo ẹ̀yìn.

Mo lọ kí n lè bú wọn kúnná. Àfi bí ẹnu mi ṣe là sílẹ̀ tí mi ò lè pa á dé.

Wọ́n wọ jákẹ́ẹ̀tì fún mi, ọ̀kan nínú èyí tí mo fọwọ́ ara mi tún rán. Kò sí ìgbà tí mo yẹ ojú rán wò fínnífínní tó ìgbà tó jẹ́ pé ẹ̀mí tèmi ló rọ̀ mọ́ ọn. Wọ́n fún mi ní àsíá pupa kan. Wọ́n ní tí ẹni tó wà lẹ́yìn bá ṣubú sínú omi, kí n gbé e sókè kíá, kí ọkọ̀ mìíràn lè mọ̀ pé èèyàn wà nínú omi, mi ò sì gbọdọ̀ sọ ọ́ kalẹ̀ títí ọwọ́ á fi tẹ onítọ̀hún. Ariwo ẹ́ńjìnì ò jẹ́ kẹ́nikẹ́ni gbọ́ ohùn ẹnìkejì, ọwọ́ ni wọ́n fi ń sọ̀rọ̀. Èyí ló fà á tí nọ́ọ̀sì kékeré fi ń fọwọ́ gbá orí ara rẹ̀ pẹ́pẹ́ nídìí okùn lọ́ọ̀ọ́kán. Mo rò pé ó ń ṣàdúrà fún orí rẹ̀ ni. Èmi náà gbá orí tèmi, mo ní àmín, orí rẹ ò ní gbàbọ̀dè. Ó tún gbá a, mo tún ṣe àmín. Ìgbà ẹlẹ́ẹ̀kẹta ni awakọ̀ bojú wẹ̀yìn tó pariwo mọ́ mi pé ó ti rẹ ọmọ yẹn, ó fẹ́ padà sí èbúté ni. Ọmọ ọlọ́mọ ti yí adágún ká lẹ́ẹ̀mejì lórí àdúrà mi.

Ṣùgbọ́n ìdìde yẹn, ọmọ mi! Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ń ṣe é láti kékeré, ẹ ò mọ ohun tó jẹ́. Orí nìkan ló hàn lójú omi bí àgbọn tó já bọ́ sódò. Awakọ̀ tẹ iná mọ́ ọn, okùn le dandan, omi là sí méjì, èèyàn bá dìde láti inú rẹ̀ bí ẹni dìde lórí àga! Mo ti rí igi tó hù, mo ti rí ọmọ tó kọ́kọ́ dúró tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ń gbọ̀n, mi ò tíì rí èyí rí. Omi tí ò gba abẹ́rẹ́ mi dúró, tó bá bọ́ sínú rẹ̀ ó ti lọ nìyẹn, omi yẹn náà ló gbé mẹkáníìkì dúró, pẹ̀lú gbogbo eyín góòlù ẹnu rẹ̀. Mo gbàgbé pé mo wà nínú ọkọ̀. Mo gbàgbé láti bẹ̀rù.

Okùn ló wá pa mí lẹ́nu mọ́ pátápátá. Bọ́ọ̀lù mẹ́fà ni wọ́n dè mọ́ orí omi, mẹ́ta lọ́tùn-ún, mẹ́ta lósì. Ọkọ̀ ń gba àárín lọ tààrà, ẹni tó wà nídìí okùn á máa já sọ́tùn-ún já sósì, á yí gbogbo wọn po. Tó bá yí mẹ́fẹ̀ẹ̀fà po láìṣubú, èmi rò pé wọ́n á fi okùn kún un fún un kó lè sinmi. Rárá o. Wọ́n á dín in kù ni! Tó bá tún yege, wọ́n á tún dín in kù. Kóòṣì ní láti àárín ọ̀nà ọkọ̀ dé ìdí bọ́ọ̀lù, mítà mọ́kànlá àtààbọ̀ ni. Nígbà tó kan mẹkáníìkì, mo yọ téèpù mi lọ́rùn, mo wọn okùn tí wọ́n fún un lẹ́ẹ̀mejì lórí pákó èbúté, torí ẹnikẹ́ni ò lè fi ìwọ̀n tàn mí jẹ. Kò tó bẹ́ẹ̀. Okùn kéré sí ọ̀nà. Ká ní aṣọ ni, mi ò bá dá a padà fún ẹni tó tà á, mo máa ní kò lè yọ ẹ̀wù. Ọmọkùnrin yẹn gbé e lọ bẹ́ẹ̀. Ó na apá, ó na ẹ̀yìn, ó dùbúlẹ̀ sórí afẹ́fẹ́ títí èjìká rẹ̀ fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kan omi, ó sì yí bọ́ọ̀lù kan péré po kó tó ṣubú. Ẹyọ kan ṣoṣo. Gbogbo èbúté figbe ayọ̀ bọnu, àwọn ìbejì dì mọ́ra wọn. Ohun tí okùn ò tó, ara rẹ̀ ló fi pé e. Mo kọ́ṣẹ́ aṣọ fúnra mi, mo ti ń gé aṣọ fún ọgbọ̀n ọdún, kò sẹ́ni tó fi irú ẹ̀ hàn mí.

Bó ṣe di pé mo sọ̀rọ̀ nípàdé wọn nìyẹn, bí wọn ò tiẹ̀ pè mí. Mo ní ẹ kó kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ fún àwọn ọmọ yìí. Ẹ jẹ́ kí wọ́n wakọ̀, ẹ jẹ́ kí wọ́n gun òkè lọ síbi tí àwọn adájọ́ ń jókòó sí kí wọ́n kọ máàkì, ẹ jẹ́ kí wọ́n kọ́ àwọn ọmọ wẹ́wẹ́, kí ẹ sì gbé ìdánrawò kúrò láàárọ̀ Wẹ́sìdeè torí ẹni tó níṣẹ́ lọ́wọ́ ò lè wá. Alága ní wọ́n á ba ẹ́ńjìnì jẹ́. Mo ní ta ló ń tún un ṣe tó bá bàjẹ́? Gbogbo wọn wojú mẹkáníìkì. Mo ní alága, ẹni tó ń wo ẹ́ńjìnì sàn lẹ ní ó máa pa á? Ilé rẹ́rìn-ín, alága wá bẹ̀rẹ̀ sí wá gíláàsì ojú rẹ̀ tó wà lójú rẹ̀. Ọrùn nọ́ọ̀sì kékeré ni kọ́kọ́rọ́ wà báyìí. Ó ń wá ní Sátidé tí kò ní sáré pàápàá, ó ń jágbe mọ́ àwọn ọmọ bíi pé òun ló ni adágún. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe yẹ kó rí.

Ibi tí èmi náà ti ṣi ẹsẹ̀ gbé ló kàn yìí, má pariwo.

Ẹni karùn-ún ni wọ́n ń wá, mo ní mo ní in nílùú ńlá. Kóòṣì ṣí fọ́ọ̀mù fún mi lórí fóònù, ló bá sáré lọ so ọkọ̀. Mo kọ orúkọ rẹ. Wọ́n ní ṣé o lè lúwẹ̀ẹ́, mo ní kí wọ́n lọ bi adágún. Wọ́n ní kí n fi àwòrán rẹ sí i, mo já fọ́tò rẹ lára ògiri ilé ìpàdé wọn, mo gbé e kọjú sí ojú fóònù, mo dúró jẹ́ẹ́ kó wò ẹ́ yó. Nígbà tó yá, mo rí àpótí kéékèèké mẹ́ta, wọ́n ní kí n máàkì èyí tó bá yẹ. Láti ìgbà tí ilé ẹ̀kọ́ ti dáyé, ẹni tó bá rí máàkì púpọ̀ gbà lọ́wọ́ tíṣà ló yege. Mo máàkì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, kí wọ́n má bàa ní ọmọ mi fìdí rẹmi. Kóòṣì dé, ó wo fóònù, ó fọwọ́ méjèèjì di orí mú. Mo bi í bóyá ó fẹ́ padà sí èbúté.

Àpótí kìíní, ìdíje bọ́ọ̀lù mẹ́fà ni. Èkejì, dídárà lórí omi ni, kéèyàn máa yí bíríbírí. Ẹ̀kẹta ni pákó gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ńlá kan tó wà láàárín adágún, ó ga tó èjìká mi, wọ́n ní èèyàn á sáré gùn ún, á sì fò sójú ọ̀run. Kóòṣì ní o ò fo ohunkóhun tó ju àgbàrá ẹnu ọ̀nà wa lọ rí. Mo ní kó pa á rẹ́, ó ní apá òun ò ká a. Ẹni tó ni orúkọ nìkan ló lè yọ ara rẹ̀ kúrò. Wọ́n ti fi ìbéèrè kan ránṣẹ́ sórí fóònù rẹ, bóyá o gbà tàbí o ò gbà, níbẹ̀ lo ti lè yọ pákó yẹn kúrò kí o fi bọ́ọ̀lù mẹ́fà sílẹ̀. Ọjọ́ Fúráídeè ló parí. Tí o bá dákẹ́, wọ́n á ka ìdákẹ́ sí rárá, á ku èèyàn mẹ́rin, ọkọ̀ á lọ.

Mo mọ ohun tó wà nínú rẹ. Wàá ní ṣebí èmi ni. Bẹ́ẹ̀ ni, èmi ni. Lọ́jọ́ tí o gbé ife ẹ̀yẹ kékeré yẹn wálé, tí omi ṣì ń kán lára irun rẹ, èmi ni mo bi ẹ́ bóyá ife náà ṣeé bomi mu. Èmi ni mo ní omi kì í san owó oṣù. Èmi ni mo gba síkì rẹ, tí mo kàn án mọ́ ògiri ṣọ́ọ̀bù, tí mo to òwú lé e lórí. Ọdún mẹ́rin ni òwú pupa àti òwú dúdú fi jókòó síbi tó yẹ kí ẹsẹ̀ rẹ wà. Ọdún mẹ́jọ lo fi sáré lórí omi yẹn, tí mo jókòó síbi tí ò jìnnà ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ, mi ò wá lẹ́ẹ̀kan. Bàbá rẹ nìkan ló rí ẹ. Mo bi í lánàá bí o ṣe máa ń rí, ó ní kò ṣeé ròyìn, kí n lọ wò ó fúnra mi. Ta ni kí n wá wò? Ní Sátidé, gbogbo ẹni tó bá dìde lórí omi ni mò ń wojú rẹ̀.

Kì í ṣe ẹ̀bẹ̀ ni mò ń bẹ̀ o, ohun tó ṣẹlẹ̀ ni mò ń sọ. Mi ò sì ní kí o fiṣẹ́ sílẹ̀. Sátidé kan péré lóṣù, nọ́ọ̀sì ń ṣe é, alẹ́ ni wọ́n sì máa ń fún un níṣẹ́.

Mo ti tú síkì náà lára ògiri. Ihò ìṣó méjì wà níbẹ̀, mẹkáníìkì ti fi gọ́ọ̀mù dí i, ó ní kò ní mumi. Fi owó dátà díẹ̀ ránṣẹ́ sí mi, torí bàbá rẹ ń wo fídíò àwọn ìbejì títí tó fi jẹ gbogbo rẹ̀ tán, kí o sì fi owó àga onítìmùtìmù kan kún un fún ìbàdí rẹ̀. Ọlọ́run á máa wà lẹ́yìn rẹ níbi tí ojú mi ò bá tó. Omi ò ní gbé ẹ, ilẹ̀ ò ní gbé ẹ, ohun tó bá kéré lọ́wọ́ rẹ, ara rẹ á fi pé e.

Ohun kan ló kù. Ní Sátidé tó kọjá, nọ́ọ̀sì ṣubú, ó wọlé sínú omi pátá. Mo gbé àsíá sókè kíá. Kò pẹ́ tó fi yọ, ó sì gbé ọwọ́ méjèèjì sókè orí, èyí ni pé kò sí ohun tó ṣe é. Ọkọ̀ ò pariwo mọ́ ọn, kò bi í ìdí tó fi ṣubú. Ó kàn yí i ká jẹ́jẹ́ títí okùn fi dé ọwọ́ rẹ̀.

Mo gbé àsíá náà wálé, mo so ó mọ́ òpó iwájú ṣọ́ọ̀bù. Oníbúrẹ́dì ní ṣé mo ti ń ṣe òṣèlú ni. Bàbá rẹ dúró wò ó, ó bi mí pé ta ló ṣubú. Mo ní kò sẹ́ni tó ṣubú, ọmọ wa ló wà nínú omi tí kò tíì gbé ọwọ́ sókè.

Àsíá yẹn ò ní sọ̀ kalẹ̀. Mo ti yí ká, mo ti gbé okùn dé iwájú rẹ, ojú mi ò kúrò lẹ́yìn. Alápàńdẹ̀dẹ̀, ṣé o dì í mú, àbí o ò dì í mú? Dá mi lóhùn.